Àrokò Lórí Tábìlì Káàdì: Èdè-Ìperí fún Kíkọ́ Ètò Ìpè Nínú Eré Bíríìjì

1. Ìfáàrà

Ní Adó-Èkìtì, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà, ọmọ tí kò mọ wọ́ọ̀tì ta kò wọ́pọ̀. Bí ọmọ kan bá ju káàdì 14 sílẹ̀, gbogbo àwọn yòókù ni yóò lọ sí ọjà, èyí ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn yóò mú káàdì kan nínú èyí tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀. Bí ó bá ju 2, ẹni tí ó kàn yóò mú méjì. Bí ó bá ju 8, ẹni tí ó kàn yóò dákẹ́, eré yóò sì fò ó kọjá. Nínú àwọn àṣẹ mẹ́ta wọ̀nyí, ti 2 nìkan ni ó bá nọ́ḿbà ojú káàdì mu. Kò sí ohun tí ó jọ ọjà nínú 14, kò sì sí ìdákẹ́ nínú 8. Àdéhùn àwọn tí ń ta eré náà ni ó sọ 14 di ọjà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ èyí dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ ọ ní ìmọ̀ nípa àmì.

Ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Henry Storey, ni ó gbé wọ́ọ̀tì jáde ní 1935, kí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó sọ ọ́ di tiwọn. Eré káàdì mìíràn wà tí ó gbára lé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ju wọ́ọ̀tì lọ. Eré náà ni bíríìjì. Nínú rẹ̀, ohun tí ẹni tí ń ta á fi ẹnu pè lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ó ní lọ́kàn, kí ẹnì-kejì rẹ̀ sì lóye rẹ̀ láìṣìnà. Kíkọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń ni akẹ́kọ̀ọ́ lára jù lọ.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìṣòro akẹ́kọ̀ọ́ tí ń sọ Yorùbá kò ti inú káàdì wá tán. Apá kan rẹ̀ ti inú ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ yàn wá. Bí olùkọ́ bá yan ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ fún irú ìpè yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ àṣìṣe pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́. Bí ó bá yan èyí tí ó tọ́, ìdajì iṣẹ́ ti parí, nítorí pé èrò tí ó wà nídìí ìpè náà kò ṣàjèjì sí àwùjọ Yorùbá. Láti fi ìdí èyí múlẹ̀, àpilẹ̀kọ yìí yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé bí eré náà ṣe rí, yóò yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó ń du ipò kan náà wò, yóò sì fi àpẹẹrẹ ọwọ́ káàdì méjì dán èyí tí ó borí wò.

2. Bí eré náà ṣe rí, àti orúkọ àwọn ohun inú rẹ̀

Ènìyàn mẹ́rin ni ó ń ta bíríìjì. Méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe ẹgbẹ́. Ẹni tí ó jókòó kọjú sí ènìyàn ni ẹnì-kejì rẹ̀, àwọn méjì tí ó kù sì ni alátakò. Káàdì 52 ni wọ́n ń pín, 13 kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yà mẹ́rin ni káàdì náà ní, káàdì 13 ni ó sì wà nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, láti orí Éèsì tí ó jẹ́ àgbà, dé orí Ọba, Ayaba, Jáàkì àti 10, títí dé orí 2.

Orúkọ ẹ̀yà gba ìṣọ́ra. Ẹ̀yà tí ó ní ewé mẹ́ta lójú ni ó kéré jù ní ipò. Ewé ni orúkọ tí ó bá àwòrán rẹ̀ mu. Dáyámọ́ǹdì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Ọkàn. Ẹ̀yà kẹrin tí ó ga jù ni ti dúdú tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Nítorí àwòrán rẹ̀, ẹlòmíràn lè fẹ́ láti pè é ní Ọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀kọ̀ àti Ọkàn sún mọ́ ara wọn jù létí, ọ̀kọ̀ sì tún ní ìbátan pẹ̀lú ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, tí ohùn nìkan yà sọ́tọ̀. Òfin bíríìjì sì fi dandan lé e pé kí a máa pe gbogbo ìpè ní ohùn kan náà, láìfi ìtẹnumọ́ kankan kún un. Ọ̀rọ̀ tí ariwo díẹ̀ lè sọ di òmíràn kò yẹ irú ibi bẹ́ẹ̀. Nítorí náà Ṣọ́bìrì ni ó yẹ ní yíyàn, nítorí pé kò sí ohun tí ó jọ ọ́ láàárín àwọn mẹ́ta yòókù. Ewé àti Dáyámọ́ǹdì ni ẹ̀yà àbúrò. Ọkàn àti Ṣọ́bìrì ni ẹ̀yà ẹ̀gbọ́n, nítorí pé máàkì tí wọ́n ń mú wá pọ̀ ju ti àbúrò lọ.

Ipele méjì ni eré náà ní. Ipele kejì ni títa káàdì gan-an. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fi káàdì kan sílẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù ni yóò kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìkó kan yìí ni a lè pè ní ìjẹ, nítorí pé jẹ ni àwọn ọlọ́pọ́n ti ń lò fún ọmọ ayò tí a kó lójú ọpọ́n. Ìjẹ 13 ni ó wà nínú ọwọ́ kan. Ẹgbẹ́ tí ó bá gba iṣẹ́ lè yan ẹ̀yà kan ṣe ọ̀gá, èyí tí yóò máa borí ẹ̀yà yòókù. Ó sì lè pinnu pé kí ó má sí ọ̀gá rárá, èyí tí à ń pè ní Aláìlọ́gàá.

Ipele kìíní ni gbàǹjo. Bí ó ti rí nínú gbàǹjo ọjà, iye kì í wálẹ̀, òkè ni ó máa ń lọ. Ṣùgbọ́n dípò kí ènìyàn fi owó lé ọjà, iṣẹ́ ni ó ń fi lé ara rẹ̀: ó ń sọ iye ìjẹ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò jẹ, àti ẹ̀yà tí yóò jẹ́ ọ̀gá. Ìjẹ 6 àkọ́kọ́ ni a kì í kà. Ẹni tí ó bá ní Ọkàn 1 ń ṣèlérí ìjẹ 7. Ẹni tí ó bá ní Ṣọ́bìrì 4 ń ṣèlérí ìjẹ 10. Ẹni tí ó bá sì dé orí 7 ń ṣèlérí gbogbo ìjẹ 13. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìdíyelé.

Ìdíyelé tí kò sí ẹni tí ó bò ó mọ́lẹ̀ ni ó di àgbàṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ti oko wá. Alágbàṣe ní ilẹ̀ Èkìtì a máa fi ẹnu kò pẹ̀lú olóko lórí iye ebè tí yóò kọ kí ó tó gbé ọkọ́. Bí ó bá kọ ọ́ tán, owó rẹ̀ pé. Bí kò bá kọ ọ́ tán, òun ni yóò wojú olóko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí lórí tábìlì bíríìjì. Alágbàṣe ni ẹni tí yóò ta káàdì ẹgbẹ́ tí ó gba iṣẹ́. Ẹnì-kejì rẹ̀ yóò tẹ́ káàdì tirẹ̀ sójú tábìlì, kò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọwọ́ yóò fi parí. Adákẹ́ ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́.

3. Ìdí tí ìpè kan fi ń di àmì ohun mìíràn

Ìpele 7 ni ó wà nínú gbàǹjo, ẹ̀yà mẹ́rin àti Aláìlọ́gàá sì jẹ́ 5. Nítorí náà ìdíyelé 35 péré ni ó wà. Bí a bá fi ìkọjá, ìlọ́po-méjì àti ìlọ́po-mẹ́rin kún un, gbogbo ìpè tí ó wà nínú èdè eré yìí jẹ́ 38. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí òfin gbà kí ènìyàn fi bá ẹnì-kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ọwọ́ káàdì 13 tí ó lè bọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́ jẹ́ 635,013,559,600. Èdè tí ó ní ọ̀rọ̀ 38 ni ó ní láti ṣàpèjúwe ohun tí iye rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ 38 náà ni ènìyàn lè lò nígbà kan ṣoṣo, nítorí pé bí iye bá ti gòkè, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́. Dandan ni kí irú èdè bẹ́ẹ̀ máa fi ọ̀rọ̀ kan ṣe iṣẹ́ ju ọ̀kan lọ. Bí ìdíyelé kan bá wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, àwọn ẹnì-kejì méjì lè fohùn ṣọ̀kan láti gba ìtumọ̀ àtètèkọ́ṣe lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní òmíràn tí ó wúlò ju ìyẹn lọ.

Kò pẹ́ tí eré náà dáyé tí èyí fi bẹ̀rẹ̀. Harold Vanderbilt, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣe ètò máàkì bíríìjì òde òní ní 1925, nígbà tí ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1929, ó ti dábàá pé kí Ewé 1 má ṣe sọ ohunkóhun nípa Ewé mọ́, pé kí ó kàn máa sọ pé ọwọ́ ẹni tí ó pè é lágbára. Ní 1933, Easley Blackwood ṣe ìpè tí ó fi ń béèrè iye Éèsì tí ó wà lọ́wọ́ ẹnì-kejì. Ní 1945, Samuel Stayman ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn ìpè kan tí George Rapée, ẹnì-kejì rẹ̀, ti ronú kàn. Ní 1956, Oswald Jacoby kọ̀wé nípa ìpè tí ń gbé ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yà kan bọ́ sí òmíràn.

4. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó ń du ipò kan

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ń gbà ṣẹ̀dá èdè-ìperí kò fara sin. Ó hàn nínú iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970. Ó sì hàn nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984. A lè fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ lójú. A lè so ọ̀rọ̀ pọ̀ di tuntun. A sì lè yá ọ̀rọ̀. Fún ìpè tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò sí lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ń wá sí ọkàn.

Àkọ́kọ́ ni àtọwọ́dá. Òun ni ó rọrùn jù fún atúmọ̀ èdè, nítorí pé ó ti wọ́pọ̀ fún ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n àbùkù rẹ̀ ni pé kò ya ohun kan sọ́tọ̀. Gbogbo ìpè ni ó jẹ́ àtọwọ́dá. Kò sí ohun tí ó sọ ọ́ di dandan pé kí Ọkàn 1 túmọ̀ sí ìjẹ 7, àdéhùn ni. Bákan náà ni ó rí nínú èdè tí ènìyàn ń sọ. Ará Adó tí ó ní ulé àti ará Ọ̀yọ́ tí ó ní ilé ń tọ́ka sí ohun kan náà, ìró kankan kò sì sún mọ́ òrùlé ju ìkejì lọ. Bí a bá wá fi ojúlówó pe ìpè kan, tí a fi àtọwọ́dá pe èkejì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ayédèrú ni èkejì. Yóò máa fi ojú ẹ̀tàn wò ó, kò sì ní fi ọkàn balẹ̀ lò ó.

Èkejì ni ẹnà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ àpilẹ̀kọ lórí ẹnà ní 1982, ẹni tí ó bá sì dàgbà láàárín Yorùbá ti gbọ́ bí àwọn ọmọdé ṣe ń fi ègé ìró há àárín ọ̀rọ̀ kí àgbà má baà gbọ́. Ẹnà jọ ìpè yìí ní ti pé a ní láti kọ́ ọ kí a tó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìdí tí ẹnà fi wà ni kí ẹni tí ó dúró nítòsí má mọ ohun tí à ń sọ. Bí ẹni náà bá ti mọ̀ ọ́n, ẹnà ti bàjẹ́. Nínú bíríìjì, bí alátakò kò bá mọ ohun tí ìpè túmọ̀ sí, eré ni ó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti fi nǹkan pamọ́ ń kọ́ ọ láti rú òfin.

Ẹ̀kẹta ni àrokò. C. A. Gollmer, òjíṣẹ́ CMS, ṣe àkọsílẹ̀ nípa àrokò tí a tẹ̀ jáde ní 1885. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ tí a fi ránṣẹ́ kì í ṣe owó. Ẹ̀fà ni ó ń sọ, ohun tí ó wà nínú ẹ̀fà sì ni fà: ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà sí ẹni tí a rán an sí. Ẹyọ mẹ́jọ ń sọ ẹ̀jọ, tí ó túmọ̀ sí pé èrò àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Ẹyọ méjì tí a so tí wọ́n kọjú sí ara wọn ń sọ ìfẹ́. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ni. Ẹni tí ó gba ẹyọ mẹ́fà tí ó sì fi ra iyọ̀ ti ṣi àrokò kà. Ohun tí ó rí lójú ni ó kà, kò ka ohun tí wọ́n fi rán an sí i.

Àṣìṣe yìí gan-an ni ti ẹni tí ó gbọ́ Ewé 2 tí ó sì rò pé Ewé ni ẹnì-kejì òun ní. Nítorí náà, ìpè àrokò ni ó tọ́ fún ìpè tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò sí lójú rẹ̀. Èyí tí ó ń sọ ẹ̀yà tí ó dárúkọ gan-an ni ìpè ojú-ọ̀rọ̀. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ayédèrú nínú méjèèjì.

Àtakò kan lè wáyé: ṣe àrokò kì í ṣe ohun àṣírí pẹ̀lú? Òótọ́ ni pé ìránṣẹ́ tí ó gbé e lè má mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àṣírí bá tú, àrokò kò bàjẹ́. Ẹyọ mẹ́fà ṣì ń sọ ẹ̀fà. Irú àmì bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ tilẹ̀ wà. Ẹni tí ó rí òkìtì igi ìdáná lẹ́bàá ọ̀nà oko, tí a so àkísà pupa tàbí ìṣẹ́kù ìgbálẹ̀ mọ́, mọ̀ pé àálè ni, pé olówó igi ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bí kò bá sí ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ àálè, kò ní lè ṣọ́ igi. Ìpè inú bíríìjì jẹ́ àrokò láàárín ẹnì-kejì méjì, ṣùgbọ́n gbangba ni ó gbọ́dọ̀ wà bí àálè.

5. Àpẹẹrẹ kan: àrokò Stayman

Kí a tó lè lo àpẹẹrẹ yìí, ó yẹ kí a mọ bí a ṣe ń wọn agbára ọwọ́. Éèsì jẹ́ máàkì 4, Ọba 3, Ayaba 2, Jáàkì 1. Gbogbo rẹ̀ nínú káàdì 52 jẹ́ 40, nítorí náà 10 ni ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ó bá dọ́gba. Nínú ètò tí ó wọ́pọ̀, ẹni tí ó fi Aláìlọ́gàá 1 ṣíde gbàǹjo ń sọ pé òun ní máàkì 15 sí 17, àti pé ọwọ́ òun jẹ́ àdọ́gba, kò sí ẹ̀yà tí ó ṣófo tàbí tí ó ní káàdì kan péré.

Wo ọwọ́ aṣíde yìí: Ṣọ́bìrì: Éèsì, Ayaba, 7, 4. Ọkàn: Ọba, 8. Dáyámọ́ǹdì: Éèsì, Jáàkì, 5. Ewé: Ayaba, 10, 6, 3. Máàkì rẹ̀ jẹ́ 16. Ó pe Aláìlọ́gàá 1.

Wo ọwọ́ olùdáhùn: Ṣọ́bìrì: Ọba, Jáàkì, 6, 3. Ọkàn: Éèsì, 9, 5, 2. Dáyámọ́ǹdì: 8, 4. Ewé: Ọba, 7, 2. Máàkì rẹ̀ jẹ́ 11. Àpapọ̀ tiwọn jẹ́ 27 nínú 40. Agbára wà fún àgbàṣe ńlá. Ibi tí wọn yóò ti ṣe é ni ìbéèrè. Bí wọ́n bá gbà á ní Aláìlọ́gàá, Dáyámọ́ǹdì ni ilẹ̀kùn tí kò ní ìdè: márùn-ún péré ni àwọn méjèèjì ní, mẹ́jọ ń bẹ lọ́wọ́ alátakò. Bí ẹ̀yà ẹ̀gbọ́n kan bá wà tí àwọn méjèèjì ní mẹ́rin-mẹ́rin nínú rẹ̀, kí wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ni ó sàn, nítorí pé wọ́n lè fi ọ̀gá gé Dáyámọ́ǹdì tí ó bá ń dà wọ́n láàmú.

Olùdáhùn kò mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ aṣíde. Ó fẹ́ béèrè, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí ó la ẹnu béèrè. Ó pe Ewé 2. Ìpè yìí kò sọ ohunkóhun nípa Ewé. Ohun tí ó ń sọ ni pé: “Ǹjẹ́ o ní káàdì mẹ́rin nínú ẹ̀yà ẹ̀gbọ́n kan?” Ìdáhùn mẹ́ta ni ó wà. Dáyámọ́ǹdì 2 ni “Rárá,” òun náà sì jẹ́ àrokò. Ọkàn 2 ni “Mo ní Ọkàn mẹ́rin.” Ṣọ́bìrì 2 ni “Mo ní Ṣọ́bìrì mẹ́rin, n kò ní Ọkàn mẹ́rin.” Aṣíde yìí pe Ṣọ́bìrì 2; olùdáhùn sì fò lọ sí orí Ṣọ́bìrì 4, ó parí.

Bí alágbàṣe bá jẹ ìjẹ 10 tí ó ṣèlérí, máàkì èrè wọn nínú ìdíje jẹ́ 420, bí wọn kò bá tíì wà ní ipò eléwu. Ṣùgbọ́n ká ní aṣíde gbàgbé. Ó gbọ́ Ewé 2, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó rí Ewé mẹ́rin, inú rẹ̀ dùn, ó sì kọjá. Àgbàṣe wọn di Ewé 2, ìjẹ 8 péré. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, èrè wọn jẹ́ 90. Bí wọ́n tilẹ̀ jẹ ìjẹ 10, kò ju 130 lọ. Káàdì kò yí padà, orí kò burú, alátakò kò ṣe wọ́n ní nǹkan. Ẹnìkan ka ẹyọ mẹ́fà bí owó, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

6. Bí ó ṣe yẹ kí a kọ́ ọ

Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni ó yẹ kí olùkọ́ fi tò ó.

Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìpè ojú-ọ̀rọ̀ dáadáa kí ó tó fọwọ́ kan àrokò. Ẹni tí kò mọ iye tí ẹyọ mẹ́fà lè rà nígbà tí ó jẹ́ owó kò ní mọ̀ pé ẹni tí ó fi ránṣẹ́ ti yà kúrò lójú ọ̀nà.

Èkejì, kí ó mọ ohun tí àrokò kọ̀ọ̀kan ná an. Ẹgbẹ́ tí ó bá gba Ewé 2 fún Stayman kò lè fi ìpè náà sọ mọ́ pé Ewé ni wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀gá ní ìpele kejì. Wọ́n ta nǹkan kan kí wọ́n tó ra òmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kó àrokò jọ láìbéèrè ohun tí ó ń tà yóò ní àpò tí ó wúwo, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣófo.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ́ ìbéèrè àti ìdáhùn pọ̀, bí a ti ń kọ́ orin pọ̀ mọ́ ègbè. Àpẹẹrẹ dáadáa ni àrokò Blackwood. Aláìlọ́gàá 4 ni ìbéèrè: “Éèsì mélòó ni o ní?” Ewé 5 ni kò-sí tàbí mẹ́rin, Dáyámọ́ǹdì 5 ni ọ̀kan, Ọkàn 5 ni méjì, Ṣọ́bìrì 5 ni mẹ́ta. Ẹni tí ó mọ ìbéèrè tí kò mọ ìdáhùn kò mọ nǹkan kan.

Ẹ̀kẹrin, kí ó mọ àrokò tí kò ṣeé gbàgbé láìsí ìyà. Nínú àrokò tí Jacoby kọ̀wé nípa rẹ̀, bí aṣíde bá ti pe Aláìlọ́gàá 1, Dáyámọ́ǹdì 2 láti ẹnu olùdáhùn túmọ̀ sí “Mo ní Ọkàn márùn-ún, ó kéré tán, pe Ọkàn 2.” Ọkàn 2 sì túmọ̀ sí Ṣọ́bìrì márùn-ún. Ẹ̀yà tí a dárúkọ lè jẹ́ èyí tí olùdáhùn kò ní rárá. Bí aṣíde bá gbàgbé tí ó sì kọjá, ẹgbẹ́ náà yóò máa ṣe àgbàṣe lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ méjì tí ń kọ́ ọ má gbé àrokò kejì wọlé títí tí èkíní yóò fi wọ̀ wọ́n lára.

Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n fẹnu kò lórí ohun tí àrokò yóò jẹ́ bí alátakò bá dá sí gbàǹjo. Àdéhùn tí ó dára nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ lè fọ́ bí ẹlòmíràn bá ju ọ̀rọ̀ sí àárín.

Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé irú ẹ̀kọ́ yìí ju agbára àwọn tí kò bá eré náà dàgbà lọ lè wo àpẹẹrẹ Taiwan. C. C. Wei, ọmọ Ṣáínà tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ṣe ètò ìpè kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Precision. Nínú ètò náà, Ewé 1 jẹ́ àrokò fún máàkì 16 sókè, Dáyámọ́ǹdì 1 sì jẹ́ ìdáhùn aláìlágbára. Ẹgbẹ́ láti Taiwan lo ètò yìí nínú ìdíje àgbáyé ní Rio de Janeiro ní 1969, wọ́n sì ṣe ipò kejì. Ní Stockholm ní 1970, wọ́n tún ṣe ipò kejì. Ìṣọ̀kan ohùn láàárín ẹnì-kejì méjì ni ó gbé wọn dé ibẹ̀.

7. Ẹ̀tọ́ alátakò

Òfin kẹrìnlélógójì kọ́ ni ó sọ nípa èyí, bí àwọn kan ti máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ìwà lásán ni tí a lè fi sí ìparí ìwé. Òfin 40 ni, ó sì wà láàárín ọkàn eré náà. Ohun tí ó wí ni pé kò gbọdọ̀ sí àdéhùn ìkọ̀kọ̀ láàárín ẹnì-kejì méjì. Bí ẹnìkan bá pe àrokò tí òfin ìdíje ní kí a kéde, ẹnì-kejì rẹ̀ ni yóò ta alátakò lólobó. Bí wọ́n bá béèrè, yóò ṣàlàyé ohun tí ó túmọ̀ sí láìfi nǹkan pamọ́. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a sì máa fi ìwé àdéhùn sórí tábìlì.

Ibi tí àrokò parí sí tí ẹnà bẹ̀rẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tí ó mọ eré náà jù láyé. Ní Buenos Aires ní 1965, wọ́n fẹ̀sùn kan ẹnì-kejì méjì láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ iye Ọkàn tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Àjọ àgbáyé dá wọn lẹ́bi. Ìwádìí tí a ṣe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá wọn láre ní 1966. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ohun tí gbogbo ènìyàn fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé, bí ó bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Kì í ṣe nítorí pé àmì náà kò sí lójú ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni Ewé 2 ti Stayman rí. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé àwọn tí ó jókòó sí tábìlì kan náà kò ní mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ tí ó bá ti fi ẹnà pe àrokò láti ọjọ́ kìíní kò ní ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí nígbà tí ó bá dé.

8. Àkójọ èdè-ìperí

Gbàǹjo: ipele tí a ti ń díye lé iṣẹ́ kí a tó ta káàdì.
Ìpè: ọ̀rọ̀ yòówù tí òfin gbà nínú gbàǹjo, 38 ni wọ́n.
Ìdíyelé: ìpè tí ó dárúkọ ìpele àti ẹ̀yà, 35 ni wọ́n.
Ìkọjá: ìpè ẹni tí kò fẹ́ fi nǹkan kún un.
Ìjẹ: káàdì mẹ́rin tí ẹnìkan kó lẹ́ẹ̀kan.
Ọ̀gá: ẹ̀yà tí ó borí ẹ̀yà yòókù.
Ìgé: fífi ọ̀gá borí ẹ̀yà tí ó tán lọ́wọ́ ẹni.
Àgbàṣe: ìdíyelé tí ó gbẹ̀yìn, tí ó di iṣẹ́.
Alágbàṣe: ẹni tí ó ń ta káàdì láti mú àgbàṣe ṣẹ.
Adákẹ́: ẹnì-kejì alágbàṣe tí ó tẹ́ káàdì rẹ̀ sílẹ̀.
Aṣíde: ẹni tí ó kọ́kọ́ díye lé.
Olùdáhùn: ẹnì-kejì aṣíde.
Ìpè ojú-ọ̀rọ̀: ìpè tí ó ń sọ ẹ̀yà tí ó dárúkọ.
Ìpè àrokò: ìpè tí àdéhùn fún ní ìtumọ̀ mìíràn.
Ètò ìpè: àpapọ̀ àdéhùn ẹgbẹ́ kan.
Ìwé àdéhùn: ìwé tí a kọ ètò ìpè sí fún alátakò láti kà.
Ìtanilólobó: ìkéde pé ìpè ẹnì-kejì ẹni jẹ́ àrokò.

9. Ìgúnlẹ̀

Nínú ọ̀rọ̀ 17 tí ó wà lókè yìí, kò sí ẹyọ kan tí a yá. Gbàǹjo, jẹ, àgbàṣe, àrokò àti ìtanilólobó ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn ní ọjà, ní ìdí ọpọ́n, ní oko àti ní ààfin. Iṣẹ́ tuntun ni a kàn fún wọn ṣe. Ibi tí yíyá ti di dandan ni orúkọ eré náà àti ti díẹ̀ nínú àwọn káàdì, kò sì sí ìpalára nínú ìyẹn.

Ẹ̀kọ́ tí ó kù fún olùṣẹ̀dá èdè-ìperí ju ti bíríìjì lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó tètè wá sí ẹnu atúmọ̀ èdè, èyíinì ni àtọwọ́dá, tọ́ ní ojú ìwé atúmọ̀, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Àrokò kò sí ní ojú ìwé atúmọ̀ fún iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ ó gbé àlàyé dání: ó sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni méjì ni ó ni í, pé a kò gbọdọ̀ ka ojú rẹ̀ lásán, àti pé ẹni tí ó bá ṣì í kà ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀. Ọmọ Adó tí ó ju 14 sílẹ̀ tí ó sì wí pé kí gbogbo ayé lọ sí ọjà ti mọ èyí tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti fi orúkọ tí ó tọ́ pe ohun tí ọmọ náà ti mọ̀.